Èsì: Dúróònù ọmọ yín ní Hyattsville

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ní kí ọmọ yín má fi dúróònù fò lẹ́yìnkùlé yín ní Hyattsville, Maryland, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ńláńlá ń balẹ̀ ní Reagan, pápákọ̀ òfurufú Washington, nítòsí White House.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbé e sókè rárá. Láàárín máìlì 15 sí Reagan, FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, ò gbà kí ẹnikẹ́ni fò ó láìgbàṣẹ, Hyattsville sì wà nínú ẹ̀. Ní ti ọkọ̀ ńlá, rédà ti mọ nọ́ńbà wọn, awakọ̀ ò sì dákẹ́ sí àwọn tó ń darí ọkọ̀. Síbẹ̀, ẹ wo èyí tó ń ti àríwá bọ̀: ṣe ló ń yí tẹ̀lé odò Potomac, tí á fi apá dẹ̀gbẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀, torí kò gbọdọ̀ gba orí White House.

Ẹni tó bá ṣìnà, iná lésà pupa àti aláwọ̀ ewé á máa kọ sí i lójú, ọkọ̀ òfurufú ogun lè tẹ̀ lé e. Mísáìlì náà wà nílẹ̀ yí ìlú ká. Ẹ rántí ariwo ọ̀sán Sunday, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 2023? Ọkọ̀ òfurufú ogun F-16 ló ń sáré lé ọkọ̀ òfurufú kékeré Cessna kan tí awakọ̀ ẹ̀ ò dáhùn. Cessna náà já sórí òkè ní Virginia, èèyàn mẹ́rin kú. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ gbé ọmọ náà kọjá máìlì 15 yẹn, kí ẹ kọ́kọ́ yẹ B4UFLY wò, ìyẹn áàpù tó ń sọ ibi tí wọ́n gbà kí èèyàn fò ó.