Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ọ̀fìnkìn Tí Ò Lọ Nígbà Ìrúwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sín, kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, ó máa ń tò tẹ̀léra ni, imú ń ṣàn bí omi, ojú ń yún mi bíi kí n yọ ọ́ sílẹ̀. Ara mi ò gbóná. Mo ti lo oògùn òtútù tán, mo tún lo áńtíbáyótíìkì tó ṣẹ́kù nílé, kò gbọ́. Bó ṣe ṣe mí lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, àkókò yìí gan-an. Kí ló ń ṣe mí?
Onímú Jíjò

Èsì: Onímú Jíjò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibi tẹ́ ẹ ti ní "àkókò yìí gan-an" yẹn ni mo dúró sí. Ọ̀fìnkìn lásán kì í sábà ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ, kì í sì í wo kàlẹ́ńdà kó tó dé. Èyí tó bá ń padà wá lọ́dọọdún tígi bá ti ń rúwé, tójú ń yún, tí ikun imú mọ́ gaara, tí ò sí ibà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àlẹ́jì. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí igi àti koríko ń tú sáfẹ́fẹ́ lara yín ń bá jà, igi ló máa ń kọ́kọ́ tú tiẹ̀, koríko á wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ bí ooru bá ti ń sún mọ́lé, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sín fún oṣù bíi mélòó kan láìsinmi. Kò kan kòkòrò rárá, torí náà áńtíbáyótíìkì ò lè ṣe nǹkan kan sí i, èyí tó ṣẹ́kù nílé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò mọ́.

Ẹ béèrè oògùn àlẹ́jì bíi cetirizine tàbí loratadine lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, wọn kì í sábà kun èèyàn lóorun bíi chlorphenamine tóun náà jẹ́ oògùn àlẹ́jì, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀. Sípíréè onísítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń fín símú náà dáa gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn á fín in lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á jù ú sílẹ̀! Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kẹ́ ẹ tó rí agbára ẹ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fín in, ẹ tẹ orí ba díẹ̀, ẹ kọ ẹnu ẹ̀ sọ́nà etí, kì í ṣe sí ògiri tó pín imú sí méjì, kẹ́ ẹ sì mí sínú jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ń tọ́ ọ wò lọ́fun, ẹ ti fà á jù nìyẹn, inú ikùn ló lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ìsín tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wẹ̀, kẹ́ ẹ fọ irun kẹ́ ẹ tó sùn, torí lẹ́búlẹ́bú tó wà nírun náà lẹ máa fi pa ìrọ̀rí láró mọ́jú. Ẹ má sá aṣọ síta lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Tí àyà bá ń há yín tàbí tí èémí ń han, ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ kẹ́mísì o, dókítà ni.

Ìbéèrè: Wọ́n ti ti aago síwájú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà ìrúwé, láti ìgbà yẹn mi ò rí oorun sùn lálẹ́, mi ò sì lè jí láàárọ̀.

Èsì: Wákàtí kan péré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó gbà. Ẹ jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, òpin ọ̀sẹ̀ náà wà níbẹ̀ (mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn), kẹ́ ẹ sì jáde síta láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ bá ojú yín. Ẹ fi kọfí mọ sí àárọ̀.

Ìbéèrè: Awọ mi dúdú, oòrùn ò sì tíì mú. Ṣé dandan ni kí n fi ìpara oòrùn?

Èsì: Afẹ́fẹ́ lè tutù kí ìtànṣán tó ń jó awọ ṣì le. Awọ dúdú ní ààbò ju ti funfun lọ, àmọ́ òun náà ń jó. Ẹ wo UV index (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìtànṣán yẹn ṣe le tó) lórí fóònù, tó bá ti tó 3, ẹ fi ìpara oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára (SPF ló ń sọ bí ààbò ìpara ṣe tó), kẹ́ ẹ tún un fi lẹ́yìn wákàtí 2 tẹ́ ẹ bá ṣì wà níta.