Súwíìṣì Tí À Ń Fi Fóònù Ṣàkóso: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ó dá lórí súwíìṣì ìgbàlódé tí ènìyàn lè fi fóònù tan iná tàbí kí ó fi pa á, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní smart switch. A ti ṣa àwọn ìbéèrè tí ó jọra pọ̀ sójú kan, a sì ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra smart switch fún ilé tí mo kọ́ sí Akóbò. Nígbà tí oníṣẹ́ iná tú súwíìṣì àtijọ́ kúrò lára ògiri, ó ní wáyà kan kò sí níbẹ̀, àfi kí a gbẹ́ ògiri tí a ti kùn. Ṣé òótọ́ ni, àbí owó ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ohun tí ó sọ nípa wáyà, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ẹ gbẹ́ ògiri. Bí wọ́n ṣe ń fa wáyà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Ìbàdàn ni pé láìfù, ìyẹn wáyà tí ó ń gbé iná wọlé, yóò sọ̀kalẹ̀ wá sínú súwíìṣì, yóò sì tún gba inú páìpù kan náà padà gòkè lọ sí ibi gílóòbù. Nútírà ní tirẹ̀, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, kì í sọ̀kalẹ̀ rárá. Orí àjà ni ó ń gbà lọ tààrà sí ibi gílóòbù. Súwíìṣì àtijọ́ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó já láìfù tàbí kí ó so ó pọ̀. Smart switch ní rédíò kékeré kan nínú tí ó ń dúró de àṣẹ fóònù tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí iná bá wà ní pípa, rédíò yìí sì nílò láìfù àti nútírà papọ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Nútírà ni wáyà tí oníṣẹ́ yín ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ó fa nútírà láti orí àjà wá sínú àpótí súwíìṣì. Bí páìpù inú ògiri kò bá kún jù, tí sìmẹ́ńtì kò sì dí i nígbà ìkọ́lé, yóò so wáyà tuntun mọ́ ìdí wáyà tí ó wà níbẹ̀, yóò sì fi èyí fa èyí títí yóò fi yọ jáde, láìfọwọ́ kan ògiri. Bí páìpù bá ti dí, tí ó sì jẹ́ pé láìfù gba ibi gílóòbù kọjá kí ó tó sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n lè gbé sí orí àjà níbi tí láìfù àti nútírà ti pàdé. Súwíìṣì tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ yóò wà lára ògiri bí ó ṣe wà, yóò sì máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Wọ́n tún ń ta irú èyí tí kò nílò nútírà, tí ó ń jí iná díẹ̀ gba inú gílóòbù kọjá láti fi bọ́ ara rẹ̀. Èmi kì í sáré gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó rà á, nítorí pé gílóòbù LED tí kò ju wáàtì 5 tàbí 7 lọ lè máa ṣẹ́jú, tàbí kí ó máa tàn fírífírí láàárín òru lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó ṣeé ṣe, ẹ rí i pé kàpásítọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tí kì í jẹ́ kí gílóòbù máa ṣẹ́jú) tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ibi gílóòbù; àwọn oníṣẹ́ kan máa ń gbàgbé rẹ̀ sínú páálí.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀ jálẹ̀, ẹni yòówù tí ìbáà dábàá rẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà ilẹ̀ (earth) rọ́pò nútírà. Iná yóò tàn, ojú oníṣẹ́ yóò sì dán, ṣùgbọ́n wáyà ilẹ̀ yẹn kan náà ni ó so mọ́ ara fìríìjì, áyọ́ọ̀nù àti gbogbo ohun onírin tí ẹ ń fọwọ́ kàn nínú ilé. Lọ́jọ́ tí ó bá já níbìkan, ara wọn lè máa gbé iná. Bákan náà ni kí wọ́n má yá nútírà láti ọ̀dọ̀ bírékà mìíràn.

Ní ti àwọ̀, pupa ni láìfù nínú àwọn ilé tí ó ti pẹ́, dúdú sì ni nútírà. Nínú ilé tuntun, láìfù sábà máa ń jẹ́ búráùn, nútírà a sì jẹ́ búlúù. Síbẹ̀, ẹ má gbára lé àwọ̀, nítorí pé wáyà tí ó bá ṣẹ́kù nínú àpò ni àwọn mìíràn ń lò. Ẹ jẹ́ kí ó fi tẹ́sítà yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ó bá ti pa bírékà. Bí ẹ bá ní inverter, pípa bírékà iná ọba nìkan kò tó, nítorí pé inverter yóò gba iṣẹ́ lọ́gán, wáyà tí ẹ rò pé ó ti kú yóò sì wà láàyè. Ó dára kí ẹ béèrè bóyá oníṣẹ́ náà ní ìwé-ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná.

Ẹni tí kò tíì rẹ́ ògiri ilé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ lọ́rùn jù. Kí ó sọ fún oníṣẹ́ iná pé kí nútírà dé inú gbogbo àpótí súwíìṣì, kí àpótí náà sì jìn tó mìlímítà 35 ó kéré tán, nítorí pé ikùn smart switch ga ju ti súwíìṣì lásán lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi smart switch ránṣẹ́ sí mi. Ṣé mo lè so ó?

Ìdáhùn: Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fólìtì 120 ni iná ilé ní Amẹ́ríkà, ní 60Hz. Tiwa jẹ́ 230, ní 50Hz. Bí wọ́n bá kọ 100–240V sí i, kò ní jóná. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má ṣe dán an wò rárá. Ẹ tún fi sọ́kàn pé àpótí ògiri ti Amẹ́ríkà gùn ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tiwa dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà ojú rẹ̀ kò ní bá ihò ògiri yín mu.

Ìbéèrè: Àdúgbò Challenge ni mo ń gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná dé ní nǹkan bí aago méjì òru, gbogbo iná ilé sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ti yàrá àwọn ọmọ. A ti pa gbogbo rẹ̀ kí a tó sùn. Ṣé súwíìṣì náà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé-iṣẹ́ ni ó ṣe. Súwíìṣì àtijọ́ kì í gbàgbé ibi tí ẹ tì í sí, nítorí pé ike ni, ó sì dúró síbẹ̀. Smart switch máa ń kú pẹ̀lú iná ọba, tí iná bá sì padà, ó gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí yóò ṣe. Nínú áàpù rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ power-on tàbí relay status sí. Ẹ ó rí i pé ẹ lè ní kí ó tàn, kí ó wà ní pípa, tàbí kí ó padà sí bí ó ṣe wà kí iná tó lọ. Àwọn kan wà tí kò ní ètò yìí rárá, mo sì gbà pé irú wọn kò yẹ fún ilé ní ìlú tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Fún yàrá, ẹ jẹ́ kí ó padà sí bí ó ṣe wà. Fún iná ìta, mo ní ìdí tí mo fi yan kí ó tàn. Ká ní ẹ ti ṣètò pé kí iná ẹnu géètì máa tàn ní aago méje alẹ́, tí wọ́n wá mú iná lọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, tí wọn kò sì dá a padà títí di aago mẹ́sàn-án: àsìkò àṣẹ ti kọjá nígbà tí súwíìṣì kò sí láyé, kò sì ní padà wá mú un ṣẹ. Ẹnu géètì yóò ṣókùnkùn mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ó máa tàn fúnra rẹ̀ bí iná bá ti dé, kí ẹ sì fi ètò àsìkò pa á ní òwúrọ̀. Bí iná bá dé lọ́sàn-án tí ó sì tàn, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìpadàbọ̀ iná yìí ní ewu mìíràn. Bí nútírà bá já lórí òpó, fólìtì tí ó sún mọ́ 400 lè wọ inú ilé. Súwíìṣì oníke kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n smart switch jẹ́ ẹ̀rọ, yóò sì jóná. Kí ẹ tó pààrọ̀ gbogbo súwíìṣì ilé, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí ń já iná bí fólìtì bá ga jù sí ẹ̀gbẹ́ bírékà àgbà, pẹ̀lú èyí tí ń gba agbára mànàmáná sára nígbà òjò.

Ìbéèrè: Ìyá mi tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń gbé pẹ̀lú wa ní Bódìjà. Ọkọ mi fẹ́ ra gílóòbù tí a ń fi fóònù tàn fún gbogbo ilé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá kò ní lè tan iná yàrá ara wọn mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí ìyá. Ìbẹ̀rù yín tọ́, mo sì rọ̀ yín kí ẹ dá ọkọ yín dúró díẹ̀. Bí ọgbọ́n bá wà nínú gílóòbù, súwíìṣì ògiri gbọ́dọ̀ wà ní títàn nígbà gbogbo kí gílóòbù tó lè gbọ́ ti fóònù. Ìyá yóò ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, wọn yóò tẹ súwíìṣì láti pa iná kí wọ́n tó sùn, láti ìgbà náà fóònù ẹnikẹ́ni kò ní lè tan gílóòbù yẹn mọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa lẹ téèpù mọ́ súwíìṣì, tí ẹ ó sì máa bá àgbàlagbà wí nítorí pé wọ́n pa iná. Ilé kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ọgbọ́n náà sínú súwíìṣì. Smart switch tí ó dára máa ń gba àṣẹ ọwọ́ àti àṣẹ fóònù papọ̀: bí ìyá bá tẹ̀ ẹ́, yóò tàn, bí ẹ bá pa á láti ọjà Gbági, yóò kú. Kò sí ohun tuntun tí ìyá níláti kọ́. Ẹ yan èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń wọlé tí ó sì ń dún bí a bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pákó dígí tí a kàn ń fọwọ́ bà, nítorí pé dígí kì í sábà gbọ́ ti ọwọ́ tútù tàbí ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fífi ohùn pàṣẹ, nítorí pé Alexa, ètò Amazon tí ń gba àṣẹ ohùn, kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tí yóò ran ìyá lọ́wọ́ gan-an ni iná kékeré kan lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tí ó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá kọjá lóru.

Ìbéèrè: Bí dátà bá tán ńkọ́? Ṣé kò sì ní máa jẹ bátìrì inverter mi?

Ìdáhùn: Bí dátà bá tán, ẹ kò ní lè ṣàkóso rẹ̀ láti òde, àwọn mìíràn kò sì ní gbọ́ ti fóònù nínú ilé pàápàá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń lo MiFi tí ó máa ń gbé jáde níláti mọ̀ pé ó ń gbé gbogbo súwíìṣì lọ ni. Ẹ sì rí i dájú pé ráótà yín ń ṣe Wi-Fi 2.4GHz, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́, wọn kì í rí 5GHz.

Ní ti bátìrì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sábà jẹ ju wáàtì 1 lọ bí iná bá wà ní pípa. Ká fi ṣe ìdajì wáàtì: súwíìṣì 10 yóò jẹ wáàtì 5, èyí tí ó jẹ́ 120Wh (wáàtì-wákàtí 120) láàárín wákàtí 24. Bátìrì 12V oní-200Ah kan tí ó kún ní nǹkan bí 2,400Wh. Ráótà nìkan lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fojú sí ni irú inverter tí ẹ ní: èyí tí kì í ṣe pure sine wave (irú tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti iná ọba) lè mú kí smart switch máa kùn, kí ó sì tètè kú.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ṣàkóso fáànù àti híítà omi?

Ìdáhùn: Fáànù, ẹ lè fi tàn kí ẹ sì fi pa á, bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé ó gba mọ́tò, ẹ fi régúlétọ̀ sílẹ̀ níbi tí ó wà, ẹ má sì lo irú èyí tí ń dín iná gílóòbù kù. Híítà omi nílò súwíìṣì 20A tirẹ̀. Oní-10A kò lè gbé e, yóò yọ́ mọ́ ara ògiri.

Ìbéèrè: Ayálégbé ni mí ní Òjòó. Bí mo bá ń kó lọ, ṣé mo lè tú u?

Ìdáhùn: Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu onílé kí ẹ tó so ó, kí ẹ sì tọ́jú àwọn súwíìṣì àtijọ́ pamọ́ sínú ọ̀rá kan pẹ̀lú ìdè wọn, kí oníṣẹ́ iná lè dá wọn padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀, ẹ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú áàpù yín, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná ara rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, kí ó lè gbàgbé fóònù yín àti Wi-Fi yín. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tuntun lè má lè so ó mọ́ fóònù tirẹ̀, bí Wi-Fi àtijọ́ bá sì ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin yóò ṣì lè máa tan iná inú ilé tí ẹlòmíràn ń gbé, èyí tí kò tọ́ sí yín, tí kò sì tọ́ sí ẹni náà.