Ẹga Ò Wá Sí Ọgbà Wa Mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó wá sí Tánkè níbí ní Ìlọrin, ariwo ẹga ló ń jí wa láàárọ̀. Ọdún kejì rèé tí a gé igi, tí a fi íńtálọ́kì tẹ́ gbogbo ilẹ̀. Ẹyẹ ò wá mọ́. Mo ń da ìrẹsì sílẹ̀, adìyẹ aládùúgbò ló ń ṣà á jẹ. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ràfíátù

Ìdáhùn: Ẹ kú àárò wọn, Màmá. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì ń rí nílé àwọn ènìyàn nìyẹn. Ìrẹsì kọ́ ni wọ́n ń wá. Òótọ́ ni pé ẹga tó ti dàgbà ń jẹ irúgbìn, àwọn tó ń gbin ọkà bàbà mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n kòkòrò ló fi ń bọ́ ọmọ inú ìtẹ́, kòkòrò kò sì sí lórí íńtálọ́kì.

Ẹ ṣí díẹ̀ nínú íńtálọ́kì náà kúrò lẹ́yìnkùlé, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n ẹní méjì. Ẹ jẹ́ kí koríko hù níbẹ̀ kó sì so, ẹ má gbá ewé tó bá já sí i. Ẹ má fọ́n òògùn apakoríko sí i rárá. Paraquat tí ọ̀pọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀. Tó bá yọ òdòdó, ẹ jókòó tì í láàárọ̀. Ẹ ó rí ẹyẹ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó wọ́, ọrùn rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Á rọ̀ mọ́ òdòdó pupa yẹn, á ti ẹnu bọ inú rẹ̀, á máa fa oje. Ìbẹ́pẹ náà dára. Ẹ fi èyí tó wà lókè pátápátá sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti ẹga gan-an, ọ̀pẹ ni, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó ga. Akọ á ya imọ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á hun ìtẹ́, á dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ kí abo lè wá wò ó. Bí ìtẹ́ náà bá gbẹ tí abo kankan ò gbà á, fúnra rẹ̀ ni yóò tú u, yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lọ́gbẹlẹ̀, omi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ: àwo amọ̀ pẹlẹbẹ, òkúta kan láàárín. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì-méjì kí tanwíji má baà di ẹ̀fọn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni òtápíápíá àti májèlé eku. Òwìwí tó bá jẹ eku olóògùn, òun náà ń kú. Ẹ wo igún: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí, síbẹ̀ láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igi, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àparun jùlọ. Májèlé wà lára ohun tó fà á, títà tí wọ́n ń ta orí rẹ̀ fún oògùn náà sì wà níbẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Màmá, pàkúté ni kí ẹ dẹ fún eku.