Ẹ Bi Wá Nípa Iná Sólà: Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Mìíràn

Lẹ́tà lórí iná sólà tó dé láti Ìbàdàn lóṣù yìí ju èyí tí ojú ewé wa lè gbà lọ. Márùn-ún la mú. Èyí àkọ́kọ́ la ó pẹ́ jù lórí rẹ̀, nítorí owó ńlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná sórí ohun tí sípánà lásán ìbá tún ṣe.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Páńẹ́ẹ̀lì méjì oní 350 wáàtì ló wà lórí ilé mi, pẹ̀lú bátìrì olómi méjì oní 220 áńpù tí wọ́n so di 24 fóòtì. Tẹ́lẹ̀, fáànù méjì àti gílóòbù máa ń bá mi dé ìdájí. Ní báyìí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ìnfátà ti ń ké. Ẹni tó ṣe é ní bátìrì ti kú, kí n ra méjì mìíràn. Kò tíì pé ọdún méjì. Ṣé kí n rà á? – Aránṣọ kan, Òkè-Àdó

Ìyá wa, ẹ má tíì rà á. Bátìrì tó kú àti bátìrì tí kò jẹun yó, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù lálẹ́. Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago kan ọ̀sán àti aago mẹ́ta, ẹ wo páńẹ́ẹ̀lì bóyá òjìji kankan wà lójú rẹ̀: ti táńkì omi, ti ọ̀pá áńtẹ́nà, tàbí ti ẹ̀ka máńgòrò tó ti gùn sí i láti ìgbà yẹn. Inú páńẹ́ẹ̀lì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí òjìji bá bo ojú kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, odindi ìdá kan nínú mẹ́ta lè kú. Bí erùpẹ̀ ọyẹ́ tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá ti bò ó, omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ni kí wọ́n fi nù ún ní ìdájí. Kí wọ́n má da omi tútù sí i lọ́sàn-án gangan, gíláàsì tó gbóná lè sán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá mítà tí àwọn oníná fi ń wọn fóòtì. Ní aago méje alẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti pa gbogbo ohun tó ń lo iná fún wákàtí kan, ẹ wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tó 12.7, ó yó. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ló wà níbẹ̀. Bí ó bá ti wá sí 11.9, ebi ń pa á. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní 12.2 nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn oòrùn tó mú dáadáa, òkè ni wàhálà wà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 12.7 tí èkejì jẹ́ 12.1, èkejì yẹn ló ń fa ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Bí àwọn méjèèjì bá yó, ẹ tan fáànù àti gílóòbù padà. Ẹ wọn orí òjé àwọn bátìrì náà, kí ẹ wá wọn ibi tí wáyà ti wọ ìnfátà. Ká ní bátìrì ń wí 24.6, tí ìnfátà ń rí 23.2, 1.4 fóòtì ti sọnù lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìnfátà fi ń ké pé ebi ń pa òun nígbà tí oúnjẹ wà nílé. Ẹ wo ẹnu bátìrì: ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun tó fara jọ àwọ̀ ewé, tàbí nọ́ọ̀tì tó ń mì. Kí ẹni tó mọṣẹ́ pa páńẹ́ẹ̀lì àti ìnfátà, kó tú wáyà ìdí (negative) kó tó tú ti orí (positive), kó fi omi gbígbóná àti baking soda fọ ẹnu náà láìjẹ́ kó kán sínú ihò bátìrì, kó gbẹ ẹ́, kó fún un le, kó sì fi gíríìsì pa á.

Ẹ tún ṣí ìdérí bátìrì. Òjé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọrí sókè omi. Distilled water nìkan ni kí ẹ dà sí i. Ásíìdì kọ́, omi inú ọ̀rá náà kọ́, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ ń ba òjé jẹ́. Ẹ̀yìn tí bátìrì bá yó ni kí ẹ dà á, torí omi máa ń wú bí iná ti ń wọlé. Àyàfi bí òjé bá ti gbẹ: ẹ kọ́kọ́ bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára tí ó ṣì ń ké ní aago mẹ́sàn-án, nígbà náà ni bátìrì lẹ́jọ́.

Gílóòbù LED márùn-ún, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n 32 íńṣì àti fóònù. Kí ni kí n rà? – Olùkọ́ kan, Mọ́níyà

Olùkọ́, ìṣirò ló kọ́kọ́ wà. Gílóòbù: 5 × 9 wáàtì × wákàtí 6, ó jẹ́ 270 wáàtì-wákàtí. Fáànù: 2 × 55 × 8, ó jẹ́ 880. Tẹlifíṣọ̀n àti dikódà: 65 × 5, ó jẹ́ 325. Fóònù, 30. Àpapọ̀ 1,505. Iná ń dànù nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú ìnfátà, nítorí náà ẹ fi 0.7 pín in: 2,150. Ní ìgbà òjò, ẹ má retí ju wákàtí 3.5 oòrùn kíkún lọ lóòjọ́, èyí tó mú un di nǹkan bíi 615 wáàtì. Páńẹ́ẹ̀lì méjì oní 350 tó o.

Bátìrì olómi méjì oní 220 áńpù ń fúnni ní 24 × 220, ìyẹn 5,280. Ìdajì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa lò kó má bàa tètè kú, 2,640. Ìnfátà oní 24 fóòtì, kó jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ rí bí ti NẸ́PÀ, torí fáànù máa ń kùn, ó sì máa ń gbóná lórí irú èkejì. Áyọ́ọ̀nù oní 1,000 wáàtì kò sí nínú ìṣirò yìí o.

Ibi tí wọ́n ti sábà ń ṣe àṣìṣe ni wáyà òkè. Bí wọ́n bá so páńẹ́ẹ̀lì méjèèjì orí mọ́ orí, áńpù 18 ló ń sọ̀ kalẹ̀. Lórí wáyà 4 mm tó gùn tó mítà 20, nǹkan bíi 3 fóòtì nínú 38 ló ń dànù, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n so ó orí mọ́ ìdí, bí a ṣe ń to bátìrì sínú tọ́ọ̀ṣì. Áńpù 9 péré ni yóò sọ̀, ohun tó ń dànù yóò wá sí ìdá 2. Àmọ́ kọntiróólà (àpótí tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì wọ bátìrì) MPPT, irú tó ń sọ fóòtì gíga di èyí tó bá bátìrì mu, ni kí ẹ rà, oní 150 fóòtì àti áńpù 40. Méjì pọ̀ lè dé 92 fóòtì, ó sì máa ń gòkè díẹ̀ sí i láàárọ̀ ọyẹ́. Oní 100 ti há jù.

Bírékà tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti kọntiróólà, kó jẹ́ ti DC. Ti iná NẸ́PÀ kò lè pa iná sólà mọ́ra: iná yẹn kì í sinmi, yóò máa fò láàárín irin méjèèjì títí ike rẹ̀ yóò fi yọ́.

Páànù ilé wa ti pọ́n, ó ti dípẹtà. Ṣé ó lè gbé páńẹ́ẹ̀lì? – Onílé kan, Bẹẹrẹ

Bàbá, pákó abẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e, kì í ṣe páànù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 20, ìjì oṣù kẹta sí kẹrin sì máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ gbé e sókè. Kí káfíńtà fi ìṣó gún pákó náà wò. Bí ó bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ ri òpó irin sí ẹ̀yìnkùlé tí oòrùn ń dé. Orí òkìtì páànù ni kí síkúrù wọ̀, pẹ̀lú wáṣà rọ́bà. Inú kòtò rẹ̀ ni omi ń gbà, ibẹ̀ ni yóò jò. Kí ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì kọ sí Ọ̀yọ́, kí ojú rẹ̀ kọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó bá gùn tó mítà 2, ẹ fi 35 sẹ̀ǹtímítà gbé apá ẹ̀yìn ga ju iwájú lọ, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ fi àlàfo 10 sẹ̀ǹtímítà sí abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ń gbóná ni agbára rẹ̀ ń dín.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo yọ bátìrì àtijọ́ lọ́sàn-án láti fi tuntun sí i, kọntiróólà sì jó. Kí ni mo ṣe? – Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àpáta

Àbúrò, o yọ bátìrì nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì ṣì ń ti iná wọlé. Bátìrì ló ń gbé iná náà mì. Nígbà tí kò sí níbẹ̀, fóòtì ga sókè lójijì. Bí o bá fẹ́ tú u, páńẹ́ẹ̀lì ni kí o kọ́kọ́ pa. Bí o bá fẹ́ so ó, bátìrì ló ń ṣáájú, kí kọntiróólà lè mọ̀ bóyá 12 ni tàbí 24.

Wọ́n fẹ́ ta páńẹ́ẹ̀lì "300 wáàtì" fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 54. – Oníbàárà kan, Òjòó

Irọ́ ni. Mítà kan níbùú lóròó kì í sábà fúnni ju nǹkan bíi 220 wáàtì lọ. Èyí tí ẹ wọ̀n yìí kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta mítà bẹ́ẹ̀, kò lè kọjá 150. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lójú ara yín, ẹ gbé e sínú oòrùn aago méjìlá, kí ẹ yí mítà sí áńpù DC, ojú 10, kí ẹ fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ti mítà. Ẹ wo iye Isc (áńpù tó ń sọ̀ bí ẹnu wáyà méjèèjì bá kan ara wọn) tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí mítà ń wí.