Ẹ Bi Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà: JAWS ni àbí NVDA?

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ìwé owó ni mo ń kọ níbi iṣẹ́. Glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, ti gba ojú òsì mi, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e. Òjìji nìkan ni mo ń rí báyìí. Ọ̀gá mi ní kí n sọ screen reader, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta fún ẹni tí kò ríran, tí mo fẹ́ kí wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹnì kan ní JAWS ni kí n mú, pé ọmọdé ni NVDA lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ta ló ń sanwó lórí JAWS nígbà tí èèyàn lè rí NVDA gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Èwo ni kí n mú?*

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo mọ ìgbà òjìji yẹn dáadáa. Lójú tèmi, ó le ju ìgbà tí ojú bá kúkú lọ tán, torí èèyàn á ṣì máa na ọrùn, á máa fi imú gbá ojú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kò sì ní kúrò lójú kan. Nítorí náà, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí o kò bi mí: má dúró de ọ̀gá rẹ. Lálẹ́ òní, tẹ Ctrl, Windows àti Enter pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn kan á dá ọ lóhùn. Narrator nìyẹn, inú Windows ló ti wà tẹ́lẹ̀. Tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, á dákẹ́. Mi ò ní kí o fi í ṣe ìwé owó o. Tèmi ni pé òun ni mo fi ń gbé NVDA sórí kọ̀ǹpútà tuntun láìbẹ ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, JAWS ni ẹ̀gbọ́n. Ted Henter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ń fi alùpùpù díje kí jàǹbá ọkọ̀ tó gba ojú rẹ̀ ní 1978. 1989 ni JAWS jáde, nígbà ayé DOS, ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbòde. 2006 ni Michael Curran, tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ NVDA ní Ọsirélíà, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2006, ṣé ọmọdé la ṣì ń pè é? Nígbà tí WebAIM, àjọ tó ń rí sí i pé aláàbọ̀ ara lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, bi àwọn tó ń lo screen reader léèrè láàárín ìparí 2023 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn 1,539 ló dáhùn: 40.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní JAWS ni àwọn gbára lé jù, 37.7 ní NVDA. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń lo ju ẹyọ kan lọ. Èmi náà wà lára irú wọn: JAWS níbi iṣẹ́, NVDA nílé.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni inú kí ni o ń kọ ìwé owó náà sí. Bó bá jẹ́ Excel, fọkàn balẹ̀, àwọn méjèèjì ń kà á dáadáa. Ní NVDA, lọ sí ibi àkọ́kọ́ lórí ìlà tí àkọlé wà, tẹ bọ́tìnì NVDA (Insert ni), Shift àti C. Láti ìgbà náà lọ, bí o bá ṣe ń kọjá láti òpó kan sí èkejì, á máa pe àkọlé òpó náà fún ọ. Bí o kò bá ṣe é, "45,000" lásán ni wàá gbọ́, o kò ní mọ̀ bóyá owó tó wọlé ni tàbí èyí tó jáde, àfi kí o máa gòkè lọ sí ìlà àkọ́kọ́ nígbà gbogbo. Odidi oṣù kan ni mo fi gòkè sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan tó sọ fún mi. JAWS ní tirẹ̀ lè bá ọ ṣọ́ ibì kan, ká ní àròpọ̀ gbogbo owó, tí wàá máa gbọ́ iye rẹ̀ láìkúrò níbi tí o wà.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ètò ìṣirò kan tí wọ́n dìídì ṣe fún iléeṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ yí padà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Iṣẹ́ títẹ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni mò ń ṣe, ètò tí wọ́n gbé fún mi kò sì ní orúkọ lórí bọ́tìnì kankan. "Button. Button. Button." Ohun tí JAWS sọ nìyẹn, òun náà ni NVDA sọ, torí screen reader kò lè ka orúkọ tí ẹni tó ṣe ètò kò kọ síbẹ̀. Mo bá kà wọ́n sórí: ẹ̀kẹta ni ìfipamọ́, ẹ̀kẹrin ni ìparẹ́. Ó di ọjọ́ kan, wọ́n tún ètò náà ṣe, wọ́n sì pààrọ̀ ipò wọn. Iṣẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ láti àárọ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́.

Ibi tí JAWS ti ń jẹ owó rẹ̀ nìyí. Èèyàn lè kọ script, ìyẹn àkójọ àṣẹ kékeré, fún un, kó lè mọ ohun tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. NVDA ní add-on tirẹ̀, àfikún tí wọ́n ń fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python kọ, àwọn kan nínú rẹ̀ sì dára gan-an, àmọ́ fún ètò iléeṣẹ́ tó lágídí, JAWS ni màá kọ́kọ́ bi.

Má gba ọ̀rọ̀ mi lásán, dán wọn wò. NVDA lè gbé orí flash. Kì í sí ohun tí wọ́n máa fi sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́, o kàn máa kì í bọ ihò rẹ̀ ni. JAWS á jẹ́ kí o lo òun fún 40 ìṣẹ́jú láìsanwó. Tí àkókò bá pé, tún kọ̀ǹpútà tàn, kí o máa bá a lọ. Fi àwọn méjèèjì ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà: ṣí àkáǹtì kan, wá orúkọ kan, tẹ iye kan sí i, fi í pamọ́. Bí NVDA bá ṣe é tán, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó fi owó rẹ̀ sápò. Bó bá há síbì kan tí JAWS kò há sí, kí wọ́n ra JAWS.

Bí laptop lo bá ń lò, wọ ibi ìṣètò (settings) NVDA, kí o sọ Caps Lock di bọ́tìnì NVDA; wíwá Insert lórí laptop máa ń dá èèyàn lágara. Tẹ òun àti 1, lẹ́yìn náà bọ́tìnì tó bá wù ọ́, á sọ iṣẹ́ rẹ̀ láìṣe é. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, H á gbé ọ lọ sí àkọlé, T sí tábìlì, E sí ibi ìkọ̀wé. Bákan náà ló rí ní JAWS, nítorí náà èyí tí o bá kọ́ kò ní ṣòfò.

*Àǹtí, ṣé àwọn screen reader yìí lè ka Yorùbá?*

Screen reader kò ní ẹnu tirẹ̀. Ohùn tí o bá fún un ló ń sọ. Bí ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀, imú kan náà ló máa fi pe ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lẹ́gẹ́, èmi máa ń fi bọ́tìnì ọfà lọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi àkókò ṣòfò, mo mọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ìyàwó mi kò ríran, NVDA ló ń lò. Ohùn náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bó bá pè mí pé kí n ran òun lọ́wọ́, mo máa ń dín eré rẹ̀ kù, ó sì máa ń bínú.*

Èmi náà á bínú, sà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi kọ́ etí rẹ̀ láti gbọ́ eré yẹn. eSpeak NG, ohùn tó wà nínú NVDA, kò dùn létí, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń hun ohùn náà látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohùn èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ìdí nìyí tí kì í fi dà rú bó bá sáré. Ẹ fi eré rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tẹ NVDA àti N, ẹ wọ Tools, ẹ tan Speech Viewer. Gbogbo ohun tó bá ń sọ á máa jáde ní kíkọ, ẹ̀yin ẹ máa fi ojú kà á.

Bí ẹ bá sì bá ojú kọ̀ǹpútà ní dúdú biribiri, kò bàjẹ́ o. Ó fi Screen Curtain bò ó ni, kí ẹnikẹ́ni má baà máa yọjú wo lẹ́tà rẹ̀. NVDA, Ctrl àti Escape ló ń ká a kúrò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.