Ṣé a lè sin igún bí adìẹ? Ìdáhùn sí bàbá kan ní Òkè-Baálẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ni mò ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orí páànù odò ẹran máa ń dúdú fún igún. Ní báyìí, mi ò rí ẹyọ kan mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń bá àwọn lékulẹ́ja ṣòwò sọ fún mi pé wọn ò tán rárá, pé ariwo ìlú àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lé wọn lọ sí ilẹ̀ Hausa, pé wọ́n á padà tó bá yá. Ó ní orí igún ti di ọjà olówó gọbọi, pé bí mo bá ní ilẹ̀, òun á bá mi wá akọ àti abo kí n máa sìn wọ́n. Mo ní pílọ́ọ̀tì méjì ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Kí ni kí n máa fi bọ́ wọn? Ẹyin mélòó ni wọ́n ń yé? Abẹ́rẹ́ wo ni kí n gún fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ajá mi tún jẹ òkú ewúrẹ́ kan lánàá, ṣé kò séwu?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ilé. Ẹ má sin igún. Bí ẹ kò bá tíì fún ọmọkùnrin yẹn lówó, ẹ má fún un. Bí ẹ bá ti fún un, ẹ gbà á padà lónìí.

Ìbéèrè ẹyin ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí òun nìkan ti tó láti tú òwò yìí ká. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún. Ọ̀kan. Adìẹ agíríìkì tó bá ń yé dáadáa lè fún yín ní 250 sí 300 láàárín ọdún kan náà. Akọ àti abo igún ni yóò máa gba ara wọn sílẹ̀ lórí ẹyin kan yẹn, oṣù lórí oṣù ni wọ́n á sì fi bọ́ ọmọ kan náà kó tó lè fò. Ọmọ ọ̀hún yóò tún lo ọdún mélòó kan kó tó dàgbà tó ẹni tó ń yé tirẹ̀. Ta ló fẹ́ fi èyí ṣòwò? Akọ àti abo tí ó lóun á bá yín wá, inú igbó ni yóò ti lọ mú wọn, ìyẹn bí wọ́n bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín láàyè. Èyí tó ń jẹ́ abẹ́rẹ́ igún, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá.

Ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé gígùn yìí ni ọ̀rọ̀ pé wọ́n “sá lọ”. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ ọ́. Alápatà ń sọ ọ́, ọdẹ ń sọ ọ́, ẹni tó kàwé yanjú ń sọ ọ́ fún mi nínú ọ́fíìsì. Ó ti sú mi. Ọ̀rọ̀ tó ń tu èèyàn lára ni: bí wọ́n bá sá lọ, kò sẹ́ni tó pa wọ́n, wọ́n sì lè padà láìjẹ́ pé a ṣe ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Igún kì í sá fún ariwo. Ibi tí ariwo wà gan-an ló ti ń jẹun: ọjà, odò ẹran, ààtàn, ẹ̀bá títì tí mọ́tò ti pa ẹran. Igún tiwa yìí, ẹyẹ tó ń bá èèyàn gbé ni. Ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà, wọ́n ṣì pọ̀ láàárín ìlú títí di òní, wọ́n ń bà sórí ilé, wọ́n ń rìn káàkiri ọjà. Ṣé àwọn ará Gáḿbíà kì í lo fóònù ni? Ẹ tún wo Igbó Ọ̀ṣun tiwa níbí. Hẹ́kítà 75 péré ni, ìlú ti yí i ká, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìlù lóṣù kẹjọ ọdọọdún. Síbẹ̀ àwọn ọ̀bọ inú rẹ̀ kò sá. Ohun tó fi wọ́n síbẹ̀ ni pé a kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gé igi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀bọ Igbó Ọ̀ṣun àti igún odò ẹran kò ju ìyẹn lọ.

Ẹyẹ tó bá ṣí kúrò níbì kan, ó yẹ kó pọ̀ sí i níbòmíràn. Àwọn onímọ̀ ti ka igún káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà léraléra kí kíkà lè bá kíkà mu. Ní 2015 ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ. Igún tí a mọ̀ níbí, èyí tó kéré tí orí rẹ̀ pá, ti dín kù ní ìwọ̀n 83 nínú 100 láàárín ọdún 53, ìyẹn ìran mẹ́ta tiwọn. Ọdún kan náà ni àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu lágbàáyé, kó o pẹ̀lú irú igún mẹ́ta mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà sí ìpele tó le jù lọ kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn jẹ́ àwọn igún ńlá tí wọ́n máa ń wà lápá òkè ọya. Ilẹ̀ Hausa tí ọmọ yẹn ní wọ́n sá lọ kò gba àlejò kankan. Tirẹ̀ gan-an ń tán lọ.

Kí ló wá pa wọ́n? Nínú ikú igún tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, 61 nínú 100 jẹ́ májèlé. Àwọn darandaran ń fi oògùn apakòkòrò sára òkú ẹran láti pa kìnnìún tàbí ìkookò, igún á bà lé e, odidi agbo á kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó tẹ̀ lé e, 29 nínú 100, ni òwò oògùn ìbílẹ̀. Bàbá, òwò tí wọ́n ń fà yín wọ̀ nìyẹn. 9 nínú 100 ni wáyà iná mọ̀nàmọ́ná pa. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbẹ̀.

Ní 2020, ní Guinea-Bissau, igún tó lé ní 2,000 ló kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n fi májèlé sínú oúnjẹ fún wọn ni. Púpọ̀ nínú òkú tí wọ́n rí, orí ti kúrò lọ́rùn wọn. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí orí ń lọ.

Ní Íńdíà, kò sí ẹni tó tilẹ̀ fẹ́ pa igún. Láàárín 1990 sí 2000, igún bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ látorí igi. Àwọn èèyàn sọ ohun tí à ń sọ níbí pé wọ́n ti ṣí lọ, tàbí pé àrùn ni. Ní 2004 ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Pakistan jáde: oògùn ìrora tó ń jẹ́ diclofenac ló fà á, èyí tí ẹ máa ń rà ní kẹ́míìsì nígbà tí orúnkún bá ń dùn yín. Wọ́n ń gún un fún màlúù, màlúù bá kú, igún bá jẹ ẹ́, kíndìnrín igún bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Nínú 1,000 irú igún kan tó wà ní 1992, bí ẹyọ kan ló kù ní 2007. Íńdíà, Pakistan àti Nepal fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006. Igún kò tíì padà sí iye tí wọ́n jẹ́ títí dòní. Ẹ rántí ẹyin kan lọ́dún.

Àwọn Amẹ́ríkà náà ti sọ “wọ́n sá lọ” rí. Ẹyẹlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní passenger pigeon, bílíọ̀nù 3 sí 5 ni wọ́n fojú bù ú, ó máa ń kọjá lójú ọ̀run títí oòrùn á fi ṣú. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n fi àwọ̀n kó o, wọ́n fi rélùwéè kó o lọ tà ní ìlú ńlá. Nígbà tí wọn ò rí i mọ́, àwọn kan ní ó ti fò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn kan ní inú òkun ló kó sí. Èyí tó gbẹ̀yìn, abo kan tó ń jẹ́ Martha, kú nínú àgò ní ìlú Cincinnati ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1914.

Ìparun ńlá márùn-ún ni àwọn onímọ̀ mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá láyé. Èyí tó kẹ́yìn ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún, nígbà tí òkúta ńlá kan já láti òfuurufú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé ẹ̀kẹfà ti bẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ èèyàn ló wà nídìí rẹ̀. Ní 2019, àjọ IPBES tó ń bá àwọn ìjọba ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kéde pé irú ẹ̀dá tó tó mílíọ̀nù 1 ló wà nínú ewu ìparun. Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ò ní rí i mọ́ ní Òṣogbo, a ò ní rí i mọ́ ní Ìlọbùú, a ò ní rí i mọ́ ní Ìwó, oníkálukú á máa rò pé ìlú kejì ló wà. Igún kò tíì tán láyé o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń tọ̀ nìyẹn. Akíkà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ẹ lè lọ wo àtẹ àwọn lékulẹ́ja fúnra yín.

Èmi kò bá oníṣègùn jà. Àwọn àgbà wa ló ṣáà sọ pé ẹnìkan kì í pa igún, ẹnìkan kì í jẹ igún, ẹnìkan kì í fi igún bọrí. Àwọn náà ló ní bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Bí a kò bá rí àkàlà, a kò gbọdọ̀ ṣorò. Ẹni tó bá ń ta orí igún fún yín lórúkọ ìṣẹ̀ṣe, ẹ ní kó kọ́kọ́ túmọ̀ ìyẹn fún yín. Ìmọ̀ràn dókítà tún wà níbẹ̀: igún tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò pa, oògùn náà ṣì wà nínú ẹran rẹ̀. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu, kò mọ ohun tó ń gbé mì.

Ní ti òfin: òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀dá tó wà nínú ewu ti wà láti 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2016. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí dáhùn ní kóòtù. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí igbó àti ẹran ìgbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹyẹ kankan. Bí ẹ bá sì rí igún tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nílẹ̀, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ọ̀rọ̀ ajá. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí òun gan-an ló so mọ́ ọ̀rọ̀ igún. Òkú tí igún ìbá ti jẹ tán láàárín wákàtí díẹ̀, ajá ló ń jẹ ẹ́ báyìí. Omi kíkan inú ikùn igún le débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà nínú òkú. Ikùn ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí igún tán ní Íńdíà, ajá ìgboro pọ̀ sí i, dìgbòlugi pẹ̀lú ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló kú láàárín 2000 sí 2005 tí kì bá má kú bí igún bá wà.

Kí ló pa ewúrẹ́ náà? Bí ó bá ṣubú lójijì tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, ó lè jẹ́ anthrax, àrùn ẹran tó lè ran èèyàn, èyí tí wọ́n rí ní Ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù keje 2023. Ẹ má là á, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, ẹ pe wá. Bí ó bá jẹ́ pé májèlé ekú ló jẹ, ẹ máa ṣọ́ ajá náà: bí ó bá ń bì, tó ń dá itọ́, tó ń gbọ̀n, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, ẹ gbé e wá kíá. Kódà bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ ṣì gbé e wá. Èmi kò rí ajá náà, mi ò lè fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ dání, bí kò bá ní, a ó gún un lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí àmì anthrax tí mo sọ yẹn, èyí tó kù nínú òkú ewúrẹ́, ẹ gbẹ́ ihò jíjìn sin ín, ẹ má jù ú sí ààtàn.

Ilẹ̀ Ìdó-Ọ̀ṣun yẹn kò ní ṣòfò. Ọ̀yà tàbí ìgbín ni mo rò sí i, ìgbín ló rọrùn jù fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ kọ ọ́ sí mi bóyá kànga wà níbẹ̀ àti bóyá igi kù tó ń ṣíji bò ó, tàbí wọ́n ti fi katapílà há gbogbo rẹ̀.