Ẹni tó máa dáṣọ fún ni: kí ló wà lọ́rùn àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ tíṣà?

Ọmọ wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní fásitì Ìjagun ló béèrè. Àbúrò bàbá ẹ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò pé "Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò" túmọ̀ sí pé ká má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu tálákà, ló bá sọ ọ́ di èébú fáwọn olùkọ́ ọmọ náà, pé mọ́tò wọn ti gbó, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ èèyàn? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ lòwe ọ̀hún rí, àti bóyá òun lè fi dá àbúrò bàbá òun lóhùn.

Irọ́ gbuu ni o! Ohun tẹ́nì kan lóun fẹ́ fún wa lòwe ní ká kọ́kọ́ wò lára ẹ̀, kì í ṣe owó ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di gbohùngbohùn mú yìí, ẹ máa bi àgbà kẹ́ ẹ tó tú òwe, ó ti sú wa. Tó bá jẹ́ olówó nìkan lọrùn ẹ̀ dáa, kí wá ni Tai Solarin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe fásitì Ìjagun ń wọ̀ kiri? Ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà! Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, Rẹ́mọ tiwa níbí, ó ti ṣe ọ̀gá iléèwé Mólúsì n'Íjẹ̀bú-Igbó kó tó lọ dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, ó ní kọ́mọ ilé ìwé máa roko kó máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́, òun náà sì tiwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ̀ nìyẹn.

Ohun témi gbà, tẹ́nì kan ò lè yí mi lọ́kàn padà lé e lórí, ni pé ọ̀rọ̀ wíwá ọ̀gá fọ́mọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ló bí òwe yìí. Ìyá bàbá mi hunṣọ n'Íjẹ̀bú-Òde, tó fi dórí ìtagbè, aṣọ táwọn Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni, ń gbé léjìká. Bí obìnrin kan bá mú ọmọ ẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, kì í kọ́kọ́ béèrè iye tó máa san o, ara ìró tí ìyá àgbà ró lojú ẹ̀ máa ń wà. Á fa etí ìró náà mú, á yí i padà kó lè rẹ́yìn ẹ̀, á fi èékánná họ ibi tí òwú ti pàdé, bóyá ó ń tú. Ìyá àgbà á kàn máa rẹ́rìn-ín, á ní kó wò ó dáadáa. Ìgbà tí òwú ò bá tú ni yóò tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ó dáa, kí lẹ máa yí padà wò lára ẹni tó ń kọ́ tíṣà? Ẹni tó mọ ìṣirò lásán pọ̀ nígboro. Èyí tó ń kọ́ tíṣà ìṣirò gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ọmọ pírámárì fi ń sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, torí lójú tiẹ̀ mẹ́rin ṣáà ju mẹ́ta lọ. Onímọ̀ ìṣirò lásán á ní olódo lọmọ yẹn. Olùkọ́ tíṣà á ní kí ẹ wá búrẹ́dì méjì tó dọ́gba, kẹ́ ẹ gé ọ̀kan sọ́nà mẹ́ta, èkejì sọ́nà mẹ́rin, kẹ́ ẹ ní kọ́mọ mú èyí tó bá máa yó òun. Àwọn míì wà tó jẹ́ ìrònú ọmọdé nimọ̀ tiwọn, àwọn kan ìdánwò ṣíṣe, àwọn kan ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn, jẹ́lé-ó-sinmi, ìṣàkóso iléèwé, iṣẹ́ wọn ò papọ̀ rárá, ẹ má kàn máa pe gbogbo wọn ní tíṣà àgbà.

Ẹ wo Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́. Kò fẹnu lásán sọ pé èdè abínibí dáa fọ́mọ, láti 1970 lòun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní fásitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ó ti wọ̀ ọ́ sọ́rùn kó tó ní kẹ́lòmíì wọ̀ ọ́. Àmọ́ mo mọ súpáfáísọ̀ kan tó wá wo TP, ìyẹn ìgbà táwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ ń fi iṣẹ́ ọ̀hún dánra wò níléèwé, inú mọ́tò ló ti buwọ́ lu ìwé ọmọ, kò débi bọ́ọ̀dù. Òun kan náà ló ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má máa ka nóòtù fáwọn ọmọ ní kíláàsì, nóòtù tó sì fi ń kọ́ wọn ọ̀hún ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń kà á láìgbójú sókè. Irú ìyẹn ni kẹ́ ẹ pa òwe yìí fún, ẹ fi mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀. Láyé ijọ́hun, orúkọ tíṣà tó kọ́ ẹ làwọn èèyàn ń bi ẹ́, ní báyìí mọ́tò ni wọ́n ń kà.

Àwọn tó tún ní èrè tíṣà ń bẹ lọ́run, ẹ jọ̀ọ́, lánlọ́ọ̀dù kì í gba owó ọ̀run.

Ti ìbéèrè ẹ kejì, bẹ́ẹ̀ ni, o lè pa á fún àbúrò bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n kí i dáadáa ná, tó o bá pa á tán kó o ní "tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe." Tó bá ní wàá rí òmíì pa, ó ti fún ẹ láyè nìyẹn, máa bọ́rọ̀ ẹ lọ. Tó bá dákẹ́, gbé oúnjẹ ẹ̀ fún un, kó o jẹ́ kó dọ̀la.